Agbára Tí Ó Fi Dákẹ́

Nínú lọ́rì tó ń gbé wa láti Oǹdó lọ sí Àkúrẹ́, lọ́dún tí mo jáde yunifásítì, aboyún kan àti ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó níwájú mi, wọ́n ń lọ sí ilé ìgbẹ̀bí.

“Ìyàwó wa, má pariwo o. Obìnrin ilé wa kì í ké bó bá ń rọbí.”

“Ìyá, mi ò ké nígbà àkọ́kọ́. Mo fi eyín di aṣọ mú láti ìdájí títí di ìrọ̀lẹ́. Nọ́ọ̀sì kọjá lára mi lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní ẹni tó dákẹ́ báyìí, tirẹ̀ ò tíì yá. Ìgbà tí wọ́n wá ní kí n ti ọmọ jáde, kò sí okun mọ́. Agbára tí ǹ bá fi bí i, mo ti fi dákẹ́ tán.”

“O ò sọ fún mi rí.”

“Ẹ̀yin lẹ ń yìn mí níwájú òkú ọmọ, pé mo láyà bí ọkùnrin!”

Wọ́n kọ́ wa ní yunifásítì pé ìwà rere ni ìkóra-ẹni-níjàánu. Kò sẹ́ni tó sọ pé agbára tí a fi ń ṣe é máa ń tán lára ènìyàn. Inú sì bí mi sí nọ́ọ̀sì tó rí i pé ó dákẹ́, síbẹ̀ tí kò béèrè nǹkan kan.

Ìyá ọkọ náà di ọwọ́ aboyún náà mú.

“Ké, ọmọ mi. Bó o bá tún dákẹ́, èmi gan-an ni n ó ké.”