Abẹ́rẹ́ tí Mo Gún fún Kòṣeébá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá àtẹ́wọ́ yẹn dúró. Ìdajì nínú ìyìn tí ẹ ti ń rọ̀jò rẹ̀ lé mi lórí láti àárọ̀, níbi ayẹyẹ tí ẹ fi ń yẹ́ mi sí yìí, ni ò tọ́ sí mi. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá. Tèmi ti lo ọdún mọ́kànlélógún, dókítà tó ń tọ́jú mi sì ti sọ pé ẹ̀dọ̀ mi ò ní pẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Òní ni màá sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ dá mi lẹ́kun, kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu.

Kò sí ẹni tó ń tọ́jú ẹṣin níbí tí ò gbọ́ orúkọ Kòṣeébá rí. Abo ẹṣin pupa ni, ọmọ ọdún mẹ́rin. Kò ga, ṣùgbọ́n tó bá ti na ọrùn, ó parí. Eré ìje mọ́kànlá ló sá, mọ́kànlá náà ló sì jẹ. Èmi ni dókítà ẹranko tó ń tọ́jú rẹ̀. Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, tó jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún yẹn, ló ń gùn ún.

Láàárọ̀ ọjọ́ eré kejìlá, ó wá bá mi nílé ẹṣin. "Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ níwájú gbóná. Kò fẹ́ fi tẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ kúrò nínú eré òní." Mo fọwọ́ kàn án, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó ń kọ́ ẹṣin náà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Dókítà, èrò ti kún ibí yìí fọ́fọ́. Ṣé ìwọ lo fẹ́ ní kí wọ́n máa lọ sílé?" Kò fipá mú mi o. Òkìkí ló ń pa mí bí ọtí. Mo gún ẹsẹ̀ yẹn ní abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora, mo sì sọ fún àbúrò mi pé, "Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sóhun tó ṣe é." Ó rẹ́rìn-ín. "Tó bá ti jẹ́ ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, ọ̀rọ̀ bùṣe."

Ní kọ́nà ìkẹyìn, egungun yẹn dá. Gbogbo wa la gbọ́ ọ. Ẹranko tí ara ń ro ì bá dúró, ṣùgbọ́n mo ti gba ìrora lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sáré lórí egungun dídá, ó gba ipò kìíní, ó sì wó lu àbúrò mi ní ìbàdí. Ọwọ́ mi yìí náà ni mo fi gún ẹṣin náà ní abẹ́rẹ́ tó pa á.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Nígbà tí ìgbìmọ̀ eré ìje pè wá, orí kẹ̀kẹ́ arọ ni wọ́n fi gbé àbúrò mi wọlé. Wọ́n bi mí léèrè, mo wò ó lójú kòrókòró, mo ní, "Ó lù ú ju bó ṣe yẹ lọ." Kò bá mi jiyàn. Ó kàn rọra sọ fún wọn pé, "Ẹ̀gbọ́n mi kì í purọ́. Bí wọ́n bá ní mo lù ú, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni." Wọ́n gba ìwé àṣẹ ìgẹṣin rẹ̀ títí ayé. Títí ìyá wa fi kú, ó gbà pé ọmọ òun kékeré ló pa ẹṣin. Ìkà ni mí.

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo ti fọwọ́ sí i, ó sì ti dọ́wọ́ ìgbìmọ̀ láàárọ̀ yìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ wa yìí, ìrora lẹnu tí ẹranko fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ dí i, ẹ kọ̀ fún un, ì báà ṣe ọ̀gá yín. Àbúrò mi, mo bẹ̀ ọ́. Mi ò ní kí o dárí jì mí lónìí. Ẹ gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ bá a níbi tó wà. Wí tìrẹ, lójú gbogbo wọn. Lórí ìdúró ni màá ti gbọ́ ọ.