Ilẹ̀kùn Tí Mo Sọ Di Ògiri

Wọ́n ti dá ẹjọ́ ikú fún mi. Ilé ẹjọ́ àwọn ológun ló dá a, kò sì sí ibòmíràn tí mo tún lè pẹjọ́ lọ. Ohun tó kù ni kí àwọn tó wà lókè fọwọ́ sí i, kí wọ́n kó wa lọ síbi tí wọ́n ti ń yìnbọn fún ènìyàn. Láàárọ̀, bí a bá gbọ́ ìró bàtà àwọn wọ́dà lójú ọ̀nà, gbogbo wa á dákẹ́. Ẹni tí wọ́n bá pè kì í padà wá. Wọn kò tíì pè mí.

N kò ní dárúkọ ara mi. Ìyá mi ṣì wà láàyè ní Èkìtì, orúkọ mi ni wọ́n sì fi ń pè é. Ìyà tó ń jẹ ẹ́ ti tó. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ṣe, n ó sọ ọ́ bó ṣe rí, n kò ní bù kún un, n kò sì ní bù kúrò.

Iṣẹ́ iná àti ẹ̀rọ ni mo kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí mo jáde, àwọn ológun ló ń ṣèjọba, wọ́n ní kí gbogbo ìlú fún ìgbànú mọ́ra, àwọn ilé iṣẹ́ sì ń ti ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọlọ́run ṣíjú wo mi, mo ríṣẹ́ ní agbègbè Àgbádárìgì, lọ́dọ̀ Alájì kan tí ìdílé wọn ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ayé bàbá wọn. Oògùn òyìnbó ni Alájì ń kó wọlé fún àwọn ilé ìwòsàn. Ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀ wà ní apá Ìbẹ̀rẹ̀kò, iwájú rẹ̀ kọ sí títì ńlá, ẹ̀yìn rẹ̀ kọ sí ọ̀sà. Ní àkókò yẹn oògùn ṣọ̀wọ́n bí ojú. Nítorí náà ni Alájì fi ra ilẹ̀kùn oníná láti òkè òkun, òyìnbó kan sì wá bá a tò ó. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ òyìnbó yẹn, kí n lè máa bójú tó o lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn ilẹ̀kùn náà kò ní kọ́kọ́rọ́. Irin òòfà kan ló ń dì wọ́n mú láti òkè, iná mànàmáná ló sì ń fún òòfà náà lágbára. Òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní káàdì pélébé kan. Bó bá fi í há ẹnu ẹ̀rọ kékeré tó wà lára ògiri, ẹ̀rọ á bi kọ̀ǹpútà mi léèrè bóyá ẹni yìí lẹ́tọ̀ọ́ láti wọlé. Èmi ni mo máa ń sọ fún kọ̀ǹpútà ẹni tó lè wọ ibí, ẹni tí kò gbọ́dọ̀ wọ ọ̀hún, àti ìgbà tí ilẹ̀kùn kan gbọ́dọ̀ ṣí tàbí kó tì. Ẹni tó bá wà nínú ní tirẹ̀, bọ́tìnì kan ló máa tẹ̀ kó tó jáde. Kí òyìnbó náà tó padà sílé, ó mú mi dé iwájú ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, ó sì kìlọ̀ fún mi pé ilẹ̀kùn tí ènìyàn bá lè wà lẹ́yìn rẹ̀, bí iná bá kú, kó ṣí fúnra rẹ̀. Ó ní ẹrù tó bá sọnù, a ó ra òmíràn.

Omi tútù ló kọ́kọ́ bà mí jẹ́. Àwọn ọ̀gá ní yàrá oúnjẹ kan tí amúlétutù wà, tí fìríìjì wà, àwa kékeré kò sì gbọ́dọ̀ débẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn ń ta ènìyàn bí iyọ̀ ṣe ń ta egbò, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mo fi káàdì tèmi kún ti àwọn ọ̀gá. Mo wọlé, mo bu omi mu, mo jáde. Kò sẹ́ni tó rí mi, àfi Bàbá Sènu.

Ègùn ni Bàbá Sènu, apẹja ni tẹ́lẹ̀ kó tó di ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn ilé wa. Ó fẹ́ràn mi. Láàárọ̀ á kí mi ní èdè rẹ̀, "A fọ̀n gánjí à?", bóyá mo jí dáadáa, á sì ki ẹja yíyan tàbí àgbọn sí mi lọ́wọ́. Lọ́jọ́ náà, ó wò mí bí mo ṣe ń nu ẹnu.

Ó ní, "Ọmọ mi, ibi wọn ò pe ènìyàn sí, ìjókòó ibẹ̀ kì í rọ̀."

Mo ní, "Bàbá, omi lásán ni mo mu."

Ó ní, "Omi náà ni mo rí." Kò sì sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹnikẹ́ni.

Ká ní ó fẹjọ́ mi sùn ni, bóyá wọn ì bá lé mi, n kì bá sì ti dé ibí. Mo tún wọ ibẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gbọ́, wọ́n ń bẹ̀ mí, mo sì ń ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ẹnìkan fẹ́ kí n jẹ́ kí òun gba ẹ̀yìn jáde kí ọ̀gá má baà rí òun. Òmíràn fẹ́ kí n jẹ́ kí òun wọ yàrá tí tẹlifóònù wà. Wọ́n sọ mí ní Injiníà, wọ́n ń dìde fún mi. Mo gbádùn rẹ̀ ju owó oṣù mi lọ. Mo rò pé mo ju ipò mi lọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo Alájì bí ẹni tó jẹ mí ní nǹkan.

Alájì ti ṣèlérí pé òun yóò rán mi lọ sí ìlú òyìnbó kí n lọ kọ́ iṣẹ́ náà sí i. Nígbà tí náírà wó, ó pè mí, ó ní kí n máa ṣe sùúrù, pé owó tí òun fi ń ra oògùn gan-an kò tó mọ́. Ó fi ohùn bàbá bá mi sọ̀rọ̀. Mo ní kò burú, sà. Ṣùgbọ́n inú mi dà bí ọbẹ̀ tó kan. Múínátù, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń bójú tó oògùn, rí ojú mi nígbà tí mo jáde. Ó ní kí n má bínú, òun yóò máa rán bàbá òun létí. Ọmọlúàbí ni Múínátù. Kò tíì pẹ́ tó ṣègbéyàwó. N kò dá a lóhùn dáadáa.

Rẹ̀mí ni mo lọ bá ní Sẹ̀mẹ̀. A jọ jáde ilé ẹ̀kọ́ ni. Ó ti di ẹni tó ń bá àwọn oníṣòwò gbẹ́rù kọjá ní ẹnubodè, ó ń gun alùpùpù, ó ń da Faransé pọ̀ mọ́ Yorùbá. Mo rojọ́ mi fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Mọ̀n fúrẹ̀, arákùnrin mi, ìwọ tí ò ń ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ayé, tìrẹ wá kọ̀, kò ṣí?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ó ní òun mọ ẹni tó lè mú mi gba Kútọnu kọjá sí ilẹ̀ Faransé, níbi tí wọ́n ti ń wá irú wa. Ohun tó fẹ́ lọ́wọ́ mi kò ju káàdì kan lọ, káàdì aláìlórúkọ tí yóò ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí Alájì àti ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ bá wà ní mọ́ṣáláṣí. Àwọn èèyàn rẹ̀ yóò gba ojú ọ̀sà wá pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi, wọn yóò kó oògùn, wọn yóò lọ.

Mo bi í bóyá ẹnikẹ́ni yóò farapa.

Ó ní, "Kò sẹ́ni tí yóò farapa, bí kò bá ṣáà ti sẹ́ni tó lè jáde wá bá wọn."

Mo mọ ohun tó ń sọ. Ọ̀rọ̀ Bàbá Sènu, ẹ̀ṣọ́ wa, ló ń sọ. Síbẹ̀, mo ṣe káàdì náà fún Rẹ̀mí.

Yàrá tútù kan wà láàárín ilé, níbi tí a ń kó oògùn abẹ́rẹ́ sí. Kò ní fèrèsé, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ní. Mo pinnu pé ibẹ̀ ni Bàbá yóò wà. Mo sọ fún kọ̀ǹpútà pé bó bá ti di àkókò ìrun, kó má gba káàdì ẹnikẹ́ni mọ́ ní ilẹ̀kùn náà. Mo já okùn bọ́tìnì inú. Ó wá ku iná. Iná máa ń lọ lójoojúmọ́ níbẹ̀, Bàbá sì mọ̀ pé bó bá ti lọ, ilẹ̀kùn á ṣí. Ni mo bá gbé bátìrì ọkọ̀ akẹ́rù kan pamọ́ sókè àjà yàrá iṣẹ́ mi, mo fa wáyà rẹ̀ lọ sára òòfà náà. Bí gbogbo iná Èkó bá kú, ilẹ̀kùn yẹn kò ní mira. Mo ń ṣe é, mo ń sọ fún ara mi pé fún ìgbà díẹ̀ ni, pé inú òtútù tó dára ni Bàbá yóò jókòó sí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ náà mo sọ fún un pé ẹ̀rọ yàrá tútù ń jo omi, kó bá mi jókòó tì í.

Ó ní, "Ṣé kí n dúró títí wàá fi dé?"

Mo ní, "Ẹ dúró dè mí, Bàbá."

Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, ó wọlé. Èmi lọ sí oríta Ìbẹ̀rẹ̀kò, mo jókòó sí ìsọ̀ olóúnjẹ kan, mo ń bá gbogbo ẹni tó ń kọjá sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè rántí pé mo wà níbẹ̀.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé Múínátù kò lọ sílé. Ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń tètè lọ. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kan ti wá láti ilé ìwòsàn, ó ní abẹ́rẹ́ àwọn ọmọdé ti tán lọ́dọ̀ wọn, Múínátù sì wọ yàrá tútù lọ ṣà á jọ fún un, káàdì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni àkókò tí mo fún kọ̀ǹpútà pé.

Èéfín ni mo rí lókè àwọn igi àgbọn. Àwọn èèyàn Rẹ̀mí ti fi ìbọn lé nọ́ọ̀sì náà sá, wọ́n ń kó ẹrù pẹ̀lú ìkánjú, wọ́n fọ́ àwọn ìgò sípírítì, sìgá ẹnìkan sì já sínú rẹ̀, ilé bá gbiná. Mo sáré débẹ̀. Àwọn èèyàn ti ń da omi. Alájì dé láti mọ́ṣáláṣí láìwọ bàtà. Nọ́ọ̀sì náà ń sunkún, ó ń tọ́ka, ó ní Anti Múínà wà nínú.

A gbọ́ wọn. Bàbá ń fi nǹkan gbá ilẹ̀kùn, Múínátù sì ń pè mí. Ó gbọ́ ohùn mi lóde, ó ń pè, "Injiníà, ẹ bá wa ṣí i."

Alájì yíjú sí mi. "Ìwọ lo mọ ẹ̀rọ yìí. Kí ni ká ṣe?"

Mo ní kí wọ́n pa iná mànàmáná, yóò ṣí fúnra rẹ̀. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹnìkan gun òpó, ó já wáyà. Ilẹ̀kùn kò ṣí. Wọ́n mú òòlù ńlá, wọ́n ń lù ú, wọ́n ń lu ògiri. Yàrá iṣẹ́ mi wà ní apá kejì, iná tó ń jó kò tíì débẹ̀. Ohun tí mo ní láti ṣe kò ju kí n lọ fa wáyà kan já. Ṣùgbọ́n bí mo bá fà á, tí ilẹ̀kùn sì ṣí, gbogbo wọn yóò mọ̀ pé èmi ni. Mo dúró. Mo ń retí kí òòlù bá mi ṣe é. Èéfín ti ń gba ihò amúlétutù wọlé bá wọn. Múínátù pè mí títí, ó wá ń wúkọ́. Bàbá kò pe orúkọ mi rárá. Ó kàn ń gbá ilẹ̀kùn, lẹ́yìn náà kò gbá a mọ́.

Ìgbà tí kò gbá a mọ́ yẹn ni mo tó sáré lọ sí yàrá iṣẹ́ mi. Mo gun orí tábìlì, mo fa wáyà náà já. Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí.

Bàbá Sènu ti bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó rẹ ẹ́ sínú omi tó ń kán lára ẹ̀rọ amúlétutù, ó fi bo imú Múínátù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bá wọn. Àwọn méjèèjì ti kú. Nígbà tí mo jáde láti yàrá mi, wáyà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Gbogbo èèyàn ń wò ó.

Wọ́n mú àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi náà lójú ọ̀sà. Rẹ̀mí gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá, wọn kò rí i títí di òní. Níwájú adájọ́, agbẹjọ́rò mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé n kò gbé ìbọn, pé n kò sí níbẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jókòó.

Alájì wá wò mí lẹ́ẹ̀kan. N kò lè gbójú sókè. Ó ní òun kò wá bú mi, ohun kan ni òun fẹ́ mọ̀.

"Nígbà tó ń pè ọ́, kí lò ń rò?"

Mo ní, "Ara mi ni mò ń rò, sà."

Ó mi orí. Ó dìde, ó lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọkùnrin àti obìnrin, n kò ní àṣẹ láti gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn, ṣùgbọ́n ẹ gba èyí lọ́wọ́ mi nítorí pé mo ti san owó rẹ̀. Ẹ má fi iṣẹ́ ọwọ́ yín bínú sí ọ̀gá yín. Ẹ sá fún ọ̀rẹ́ tí ń sọ fún yín pé ẹ̀bi yín kọ́ ni bí ẹ ṣe wà. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ti bàjẹ́, tí ẹ ti ṣìnà tán, tó kù kí ẹ dójú ti ara yín kí ẹlòmíràn lè yè, ẹ dójú ti ara yín, ẹ má dúró wo òòlù. Wọn yóò bú yín. Wọn yóò lé yín lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n lè tì yín mọ́lé. Gbogbo rẹ̀ yóò kọjá, ẹ ó sì lè padà sílé lọ bá ìyá yín. Ìtìjú yẹn ni mo sá fún níwájú ilẹ̀kùn náà, fún ìgbà tí kò pẹ́ rárá, èèyàn méjì sì ti ibẹ̀ lọ sí ọ̀run.