Mo Fẹ́ Ẹni Tó Wù Mí, Ẹ̀gbọ́n Mi Ń Yan Ẹja

Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí orí mi ti dàrú. Ní Sátidé tó ń bọ̀ ni ẹbí Sétónjí yóò wá tọrọ mi lọ́wọ́ ìyá wa ní Ìwórò. Olùkọ́ ni bí èmi náà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ dénú. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti rántí ẹ̀gbọ́n mi, ṣe ni ayọ̀ náà ń di ìtìjú.

Nígbà tí bàbá wa kú, káfíńtà kan tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ni ẹ̀gbọ́n mi yìí, Àǹtí Sènámì, ń fẹ́. Ẹ̀rín wọn kì í tán létí omi. Ṣùgbọ́n káfíńtà kò lẹ́ja. Lọ́dọ̀ wa, bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, ìyàwó aláwọ̀n, apẹja tó ni àwọ̀n àti ọkọ̀, ló ń kọ́kọ́ mú ẹja kí àwọn obìnrin yòókù tó rí èyí tó ṣẹ́kù rà. Bí Àǹtí mi ṣe fẹ́ aláwọ̀n kan tó dàgbà ju bàbá wa lọ nìyẹn. Ẹja ọkọ̀ náà ló ń yan tó fi rán mi níléèwé. Ẹ̀fín ti ba ojú rẹ̀ jẹ́ báyìí; bó bá ń sọ̀rọ̀, ojú náà á máa ṣomi.

Níléèwé ni wọ́n ti kọ́ mi pé gbogbo ènìyàn ló lẹ́tọ̀ọ́ láti fẹ́ ẹni tó wù ú. Gbogbo ènìyàn kẹ̀? Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àṣé ìfẹ́ náà wà lára ọ̀rọ̀ mìíràn yẹn.

Lọ́jọ́ Ajé, mo bá a nídìí ààrò, mo ní, “Àǹtí mi, n kò fẹ́ Sétónjí mọ́. Kò tọ́ kí n máa gbádùn ohun tí ẹ fi sílẹ̀ nítorí mi.”

Kò gbójú sókè níbi tó ti ń yí ẹja. “Ta ló rán ọ níṣẹ́ yẹn?”

“Ẹ̀rí ọkàn mi ni.”

“Ṣé ẹ̀rí ọkàn rẹ mọ ẹja yan?” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ le. “Bí o bá kọ ọmọ ọlọ́mọ, ṣé káfíńtà mi á padà wá? Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé yìí, ṣé kí àwa méjèèjì jọ pàdánù kó lè dọ́gba ni?”

Mo ní kó kúkú kọ aláwọ̀n sílẹ̀, kó wá máa bá mi gbé. Ó bi mí pé ẹja ta ni yóò wá rán ọmọ òun obìnrin níléèwé.

Lánàá, ó fi apẹ̀rẹ̀ ẹja ránṣẹ́ sí mi, èyí tó dára jù tí kò tà, pé kí n fi se ọbẹ̀ fún àwọn àlejò Sátidé. Apẹ̀rẹ̀ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n sè é ni, àbí kí n gbé e padà fún un?