Bí Ẹ́ńjìnnì Ṣe Yarí Lóko Ẹlẹ́dẹ̀ Mi

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ bá mi dúpẹ́. Ẹ bá mi dúpẹ́ gidi o! Ọlọ́run tó ń gbọ́ àdúrà la máa ń yìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Lónìí, ẹ jọ̀ọ́, èmi wá yin Ọlọ́run tó gbọ́ àdúrà mi, tó sì ní rárá.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Tíṣà Adéoyè tó ń kọ́ àwọn ọmọ yín ní ìṣirò. Ẹ mọ̀ pé èmi àti Ìyá Fúnmi, ìyàwó mi, ní oko kékeré kan lọ́nà Ìjàgbò, níbi tí a ti ń sin ẹlẹ́dẹ̀. Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni wàhálà tí àwọn ẹlẹ́dẹ̀ yẹn kó bá mi. Ẹlẹ́dẹ̀ ò mọ ààlà. Mo fi igi ṣe ọgbà, wọ́n fi imú tú u. Mo fi ọparun ṣe é, wọ́n gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Oko ẹ̀gẹ́ Alhaji Sàlámì ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa.

Ẹgbẹ́ mi ni Alhaji yìí, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà ní kíláàsì mi. Ó kọ́kọ́ fi sùúrù bá mi sọ ọ́. Ó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó yá, abo ẹlẹ́dẹ̀ mi kan já wọ ibi tó ti ń kírun lóko, ó da búùtà àlùwàlá rẹ̀ nù. Ara kì í ṣe òkúta. Alhaji yọ àdá, ó ṣá a pa. Abo tó lóyún ni o!

Mo fi ìbínú lọ bá a. Ó ní, "Tíṣà, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n èyí tó bá tún wọ oko mi, òkú rẹ̀ lẹ máa wá gbé." Láti ọjọ́ yẹn, a ò kí ara wa mọ́. Bí ìyàwó rẹ̀ bá pàdé ìyàwó mi lódò, á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ni mo bá kà á nínú ìwé ìròyìn pé àwọn àgbẹ̀ òyìnbó ń fi wáyà oníná ṣe ọgbà, pé ẹran tó bá fara kàn án kò ní padà débẹ̀ mọ́. Mo ní, ó parí! Mo ri òpó, mo ta wáyà ìlà mẹ́ta yí oko ká, mo fi ọrùn ìgò há a kó má baà kan igi. Ọwọ́ mi bó yánna-yànna. Mo wá ra jẹnẹrétọ̀ àlòkù lọ́wọ́ kọngílá kan tó ń kó kúrò nílùú. A tan án wò lọ́jọ́ Jimọ́ọ̀, ó dún gbùdù-gbùdù. Mo ní tó bá di òwúrọ̀ Sátidé, n ó so wáyà mọ́ ọn.

Ìyá Fúnmi ní, "Bàbá Fúnmi, ṣé iná yẹn kò ní ṣe èèyàn?"

Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé mo ti kàwé lórí ẹ̀. Ẹ wò ó, ojú ìwé kan ṣoṣo ni mo kà.

Nígbà tó di Sátidé, òjò ti rọ̀, ilẹ̀ tutù. Mo so wáyà mọ́ jẹnẹrétọ̀, mo fa okùn. Kò dáhùn. Mo fà á títí apá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ. Mo tú púlọ́ọ̀gì, mo nù ún. Mo da epo nù, mo rọ òmíràn. Kò dáhùn! Ará, mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mo gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì lórí. Mo ní, "Olúwa, má jẹ́ kí ojú tì mí lójú Alhaji. Pàṣẹ fún ẹ́ńjìnnì yìí!" Mo gbàdúrà títí òógùn fi bò mí. Mo tún fa okùn. Ó yarí pátápátá.

Inú bí mi. N kò ní purọ́ nílé Ọlọ́run, inú bí mi sí Ọlọ́run. Mo gun kẹ̀kẹ́ mi lọ sí stéṣọ̀n rélùwéè, mo lọ bẹ ọ̀rẹ́ mi Bàbá Táyé, tó jẹ́ oníná níbẹ̀, kó wá bá mi wò ó.

Nígbà tí a máa fi dé oko, ẹ gbà mí o! Alhaji Sàlámì ni mo rí. Ó dúró sínú ẹrẹ̀ láìwọ bàtà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di wáyà mú, ó fara tì í, ó ń bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀. Ó wá bẹ̀ wá nítorí ẹlẹ́dẹ̀ tó pa ni. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí ọkàn òun balẹ̀ tí òun bá ń kírun.

Bàbá Táyé ò tilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni. Ó fojú tọ wáyà náà lọ dé ìdí jẹnẹrétọ̀.

"Tíṣà, ibí lẹ so ó mọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Láti àárọ̀ ni mo ti ń fa okùn, kò gbà."

Ó káwọ́ lérí. "Èèyàn lẹ fẹ́ pa! Ti àwọn òyìnbó yẹn, ẹ̀rọ kékeré kan ló ń fi iná bátìrì ṣiṣẹ́. Á ta ẹran pẹ́ẹ́, á dákẹ́, ẹran á sá. Èyí tẹ́ ẹ ṣe yìí, á di èèyàn mú ni, kò ní fi í sílẹ̀."

Alhaji yọ ọwọ́ kúrò lára wáyà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń yọ ọwọ́ lẹ́nu ejò.

Bàbá Táyé tú wáyà kúrò. Ó ní kí òun wo ohun tó ṣe ẹ́ńjìnnì. Ó fa okùn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré, ará! Gbùdù-gbùdù-gbùdù! Ẹ́ńjìnnì tó ti ń yarí láti àárọ̀! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo bú sẹ́kún. Alhaji ń ké "Alihamudulilahi", ìyàwó mi ń ké "Halelúyà", n kò mọ ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè jù.

Mo ta jẹnẹrétọ̀ náà. A ránṣẹ́ sí Èkó, ẹ̀rọ tòótọ́ dé lóṣù tó kọjá, bátìrì mọ́tò ló ń gbé e. Ẹlẹ́dẹ̀ tó kọ́kọ́ fimú kàn án han gooro, òkèèrè ni gbogbo wọn ti ń wò ó báyìí. Alhaji fúnra rẹ̀ fi ìka kàn án, ó fò sókè, ó bú sẹ́rìn-ín. "Tíṣà, èyí dáa!"

Ará, ká ní Ọlọ́run ṣe tèmi lọ́jọ́ yẹn ni, ìyàwó Alhaji ti di opó. Báwo ni mo ṣe máa dúró níwájú àwọn ọmọ rẹ̀ ní kíláàsì? Mo bínú sí Ọlọ́run, kò bá mi bínú. Ó fi àìmọ̀ mi jì mí.

Alhaji sìn mí wá láàárọ̀ yìí. Ó wà lóde níbẹ̀ yẹn, lábẹ́ igi fúrúùtù. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ bí a ó ṣe dúpẹ́ ẹ̀mí òun. Torí náà, ẹ má rọra kọrin o! Ẹ dìde, ẹ pàtẹ́wọ́, ẹ gbé ohùn sókè kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ògo ni fún Ọlọ́run! Ẹ jẹ́ kó gbọ́!