Àwòrán Ìyá Wa Lórí Káńtà Mi

Ọwọ́ ara mi kẹ̀! Ọ̀gá Evanildo, ẹ tún un sọ kí etí mi gbọ́ ọ dáadáa. Ẹ ní iléeṣẹ́ adójútòfò yín ò ní san nǹkan kan fún mi, torí pé ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣílẹ̀kùn fún olè? Èmi Osvaldina, tí mo ń san owó yín lóṣooṣù, ẹ wá jókòó sórí bẹ́ńṣì mi, ẹ ń mu asaí mi, èso dúdú tí mo fọwọ́ ara mi lọ̀, ẹ wá ń sọ ìyẹn fún mi. Rárá, ẹ má dìde. Ẹ jẹun yín. Ẹ bu gàrí sí i, ẹja wà nínú àwo yẹn.

Ẹ̀yin náà lẹ kó gbogbo àwa oníṣòwò àdúgbò Guamá jọ sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́sí, tí ẹ ní olè ayé òde òní kì í fọ́lẹ̀kùn mọ́, inú fóònù ló ń gbà wọlé, inú ẹ̀rọ ìsanwó ló ń gbà. Mo gbọ́. Mo yí nọ́ńbà àṣírí mi padà, mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi pàápàá. Ìgbà wo lẹ sọ pé olè lè wọlé láìwọ bàtà, kó so okùn ẹ̀jẹ́ mọ́wọ́, kí omi máa bọ́ lójú ẹ̀?

Ọ̀sẹ̀ ọdún Sírìò la wà, gbogbo ìlú Belém ń múra láti gbé ère Ìyá Ọlọ́run, Ìyá wa ti Nasaré, kiri ìgboro. Ọmọkùnrin kan yọ sí mi, àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ ti bó, ó ní láti ìlú Castanhal lòun ti fẹsẹ̀ rìn wá san ẹ̀jẹ́, torí Ìyá wa wo ìyá òun sàn. Ó ní ara ẹ̀jẹ́ òun ni láti lẹ àwòrán Ìyá wa mọ́ káńtà àwọn olóúnjẹ. Kóòdù tí oníbàárà ń na fóònù sí láti sanwó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ Ìyá wa níbẹ̀. Ó ní kóòdù tèmi náà lòun tẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn, kí owó tó bá ń wọlé lè máa gba abẹ́ ìbùkún kọjá. Mo sunkún, ọ̀gá. Mo bá a di etí sítíkà náà mú kó má baà wọ́, a jọ lẹ̀ ẹ́ lé orí kóòdù mi ti tẹ́lẹ̀. Mo tún bu abọ́ asaí ńlá fún un, mi ò gbowó. Olè yẹn jẹ ẹja mi yó, ó tún ní kò níyọ̀ tó.

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹnu yín ti dúdú bíi ti ajá tó jẹ èédú.

Ni àwọn èèyàn bá ń wọ́ wá. Wọ́n á fẹnu ko Ìyá wa lẹ́sẹ̀, wọ́n á na fóònù, fóònù á dún, wọ́n á ní owó ti lọ. Ó kúkú lọ lóòótọ́! Ìgbà tí Zeferino tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé èso wá fún mi dé láti gbowó ẹ̀ ni mo tó yẹ àkáùntì mi wò, ó gbẹ táútáú. Zeferino ò pariwo. Ó kàn ń wolẹ̀, ó ní òun náà lọ́mọ nílé. Ìyẹn dùn mí ju kó bú mi lọ. Bí ẹ ò bá sanwó yìí, kò ní já èso fún mi mọ́, àsíá pupa ẹnu ọ̀nà yẹn, tí ìyá mi ti ń gbé kọ́ kí wọ́n tó bí yín, tí àdúgbò fi ń mọ̀ pé asaí ti délẹ̀, n ó ká a kúrò nìyẹn.

Ẹ ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́? Aláǹgbá wo ló ń gbé àwòrán Ìyá Ọlọ́run dání? Ẹ ní kí n máa yẹ káńtà wò láràárọ̀, kí n ya sítíkà àjèjì dànù. Ó dáa, ẹ ṣí aṣọ ìnuwọ́ yẹn, òun nìyẹn lábẹ́ ẹ̀, ọlọ́pàá ní kí n bò ó títí àwọn á fi wá wò ó. Ẹ ya á kí n rí yín. Ẹ rí i, ẹ ò lè ya á, ẹ wá ń fọwọ́ ṣàmì àgbélébùú. Ẹni tó ṣe sítíkà yẹn mọ̀ wá délé, ọ̀gá. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ààbò fún wa lẹ ò mọ̀ wá.

Ẹ tún ní ẹni tó bá ní làákàyè á ka orúkọ tó jáde lójú fóònù kó tó tẹ̀ ẹ́. Mo gbà, mi ò jiyàn. Ẹ ti ń lọ? Ẹ fẹ́ sanwó oúnjẹ yín? Ọmọlúàbí ni yín. Ẹ san án bó ṣe rọ̀ yín lọ́rùn.

Ẹ ti na fóònù sí i? Ó ti dún? Ó ti lọ? Háà, ọ̀gá Evanildo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka orúkọ ojú fóònù yín sókè, kí èmi tí mi ò ní làákàyè lè gbọ́. Gleidson wo? Ṣé èmi lẹ rí tó jọ Gleidson? Ọwọ́ ta lẹ fi tẹ̀ ẹ́?

Ẹ má bínú, ẹ̀rín ń pa mí. Ẹ jókòó padà. Ẹ mú ìwé yín jáde, ẹ kọ orúkọ yín sábẹ́ tèmi, olè kan náà ló jà wá. Bí ẹ bá kọ ọ́ tán, kí ẹ wá sanwó asaí mi, torí èmi ò tíì rí owó kankan gbà.