Bóòtù Méjì Tí Mo Tú Lára Ilẹ̀kùn Ilé Bàálù

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àwa wẹ́dà Mówè, ẹ pa jẹnẹrétọ̀ yẹn kí ẹ gbọ́ mi. Dókítà ti ní kí n máa palẹ̀ mọ́. N kò ní gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè.

Ẹ mọ ilé ńlá tí Ọ̀gá Adébánjí ń gbé bàálù kékeré sí lẹ́yìn Ìbàfò. Bàálù méjì ló ní, ẹyọ kan ló ń ráyè wọlé. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń wọ́ ilẹ̀kùn àtijọ́ sí. Bí wọ́n ṣí i tán, ó ṣì ń dí ìdajì ẹnu ọ̀nà, òjò sì ń pa bàálù kejì níta. Toyyibah, tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi kó tó di pé a jọ ń ṣiṣẹ́, ló ya àwòrán ilẹ̀kùn mìíràn: èyí tí yóò ká sí méjì, tí wáyà irin yóò fà lọ sókè. Ẹnu ọ̀nà yóò ṣí láti ògiri dé ògiri.

Inú mi dùn fún ọjọ́ kan péré. Lọ́jọ́ kejì, mo bá òun àti Ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Bí wọ́n ṣe rí mi, wọ́n dákẹ́. Mo ní, "Kí lẹ ń sọ?" Toyyibah rẹ́rìn-ín: "Kò sí nǹkan, ẹ̀gbọ́n." Kò sí nǹkan, ẹ wá dákẹ́? Láti ìgbà náà, bó bá gba fóònù, mo ń na etí. Bó bá kúnlẹ̀ kí mi, mo ń wá ohun tó fi pamọ́ sínú ìkúnlẹ̀ náà. Mo ti gbà pé ó fẹ́ gba iṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Èṣù kọ́ o, èmi ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ dán ilẹ̀kùn náà wò, mo tú bóòtù méjì tó di wáyà mú. Mo rò pé yóò kàn há sáàárín, kí ojú lè tì í. Kò há. Ó já lulẹ̀ gbì! Mùsáfírù tó ń ṣọ́ ọgbà náà ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lọ. Bí gbogbo ayé ṣe ń sáré tọ ẹni tó ń ké, èmi ń sáré ti bóòtù mi sápò.

Toyyibah dì mí lápá mú. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ wo àwọn bóòtù yẹn?" Mo ní, "Mo wò wọ́n. Ìwọ lo ya àwòrán ilẹ̀kùn." Ó sì gbà mí gbọ́! Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Mùsáfírù ní ọsibítù, ó ń tọrọ àforíjì ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá, èmi dúró tì í, mo ń ṣe àmín. Ó fa gbogbo àwòrán rẹ̀ ya, ó kó lọ sí Ìfọ̀. Kò fọwọ́ kan irin mọ́.

Oṣù tó kọjá ni Ọ̀gá wá kí mi, tó sì sọ ohun tí wọ́n ń sọ lọ́jọ́ yẹn. Toyyibah ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fi mí ṣe alábòójútó ilẹ̀kùn náà, torí ojú mi kò gba iná wẹ́dà mọ́. Ó ní kó má jẹ́ kí n mọ̀ pé òun ló bẹ̀bẹ̀, kó má baà dùn mí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá ń ṣọ́ ẹnìkejì rẹ̀ lójoojúmọ́ yóò rí ohun tó ń wá, bí kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Mùsáfírù, èmi ni mo ní kí wọ́n pè ọ́ wá. Bú mi, má kàn máa wò mí bẹ́ẹ̀. Foríjì mí bí ó bá ṣeé ṣe. Lẹ́yìn náà, kí ẹnìkan nínú yín gbé mi lọ sí Ìfọ̀ lónìí. Ẹnu ara mi ni mo fẹ́ kí ọmọ yẹn ti gbọ́ ọ.