Ọjọ́ Tí Wọ́n Ká Ìró Ìyá Ràfátù Sókè

Mi ò tíì pé ogún ọdún nígbà tí mo kọ orúkọ mi sínú ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ wa níbí ní Ẹ̀jìgbò. Ẹnikẹ́ni ò fi tipá mú mi o. Ìfẹ́ Olúwa ló ń jó nínú mi bí iná… Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi. Ẹ ní kí n sọ bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ ìhìnrere láyé ìgbà yẹn, kí ẹ lè sọ ọ́ fún ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ yín. Ó dáa. Àmọ́ ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ kọ́ ni n ó sọ. Inú ń bí mi.

Láràárọ̀ Sátidé, a ó ti múra kí oòrùn tó yọ. Ẹsẹ̀ la fi ń rìn lọ sí ìlú Ara, a ó máa kọrin lọ lójú ọ̀nà. Ta ló rí ọ̀kadà nígbà yẹn? Ẹ̀yin ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn, gbogbo yín á wọ fáníìlà kan náà, ó wá rẹ̀ yín kí ẹ tó débẹ̀!

Ní Ara ni mo ti pàdé Ìyá Ràfátù. Mùsùlùmí ni, opó ni. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń ṣòwò ní Àbíjàn, òun àti Ràfátù ọmọ rẹ̀ obìnrin ló kù sílé. Egbò kan wà lójúgun rẹ̀, egbò tó ti pẹ́, tó ń rùn débi pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi dúró síta, ojú ọ̀nà ni wọ́n ti ń wàásù fún un. Èmi wọlé. Nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò wa ti kọ́ mi: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, iyọ̀, aṣọ funfun tí wọ́n ti sè. Mo kúnlẹ̀, mo wẹ egbò náà.

Ó bi mí léèrè lọ́jọ́ náà pé, “Ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ kí n di onígbàgbọ́ ni?”

Mo ní, “Rárá mà. Egbò yín ni mo fẹ́ kó jinná.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ó dáa. Bó o bá ń parọ́, Ọlọ́run ń gbọ́ ọ.”

Gbogbo Sátidé ni mo ń lọ. Tí mo bá bá a lórí ẹní ìkírun, n ó jókòó ti ìkòkò omi, n ó dúró kó kírun tán. Nígbà míì á bu ẹ̀kọ fún mi, á máa sọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ tó kú… Nígbà tó di oṣù kẹrin, egbò yẹn pa ojú dé.

Olórí ẹgbẹ́ wa, Bùrọ̀dá Ìṣọ̀lá, tí kò dé ẹnu ọ̀nà obìnrin yẹn rí, ló gbọ́. Ó fò sókè. “Ẹ̀rí nìyí! Mú un wá síbi ìkórè ìjọ.”

Mo ní, “Bùrọ̀dá, kò di onígbàgbọ́ o.”

“Ìyẹn ò kàn ọ́. Sọ fún un pé oúnjẹ wà.”

Ẹ gbọ́ o, ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Mo mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Mo mọ̀! Àmọ́ mo fẹ́ kó yìn mí… Mo lọ sí Ara, mo ní, “Ìyá, ẹ wá bá wa jẹun ìkórè.”

Ó wá. Ó wọ ìró àti bùbá aláró tuntun, ó da ìbòrí funfun borí. Ó tún gbé iṣu méjì dání fún wa. Iṣu! Bùrọ̀dá Ìṣọ̀lá fà á lọ́wọ́ lọ síwájú. “Ẹ wo ẹni tó wà nínú òkùnkùn! Ọjọ́ tó gba Jésù ni egbò rẹ̀ gbẹ!” Irọ́ ni. Irọ́ pátápátá! “Màmá, ẹ ká ìró yín sókè kí ìjọ rí i.”

Èmi ni obìnrin náà ń wò. Èmi ń wolẹ̀. Ni ọkùnrin yẹn bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ká ìró àgbàlagbà obìnrin dé orúnkún láàárín èrò. Wọ́n ń pariwo “Alelúyà.” Ẹnikẹ́ni ò wí pé, “Ó tó.” Èmi náà ò wí i. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn! Ṣé ẹ̀yin sàn ju Bùrọ̀dá Ìṣọ̀lá lọ? Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé àwòrán arúgbó tó ń sunkún kiri, ta ló fún yín láṣẹ? Fóònù lẹ̀yin fi ń ká ìró àwọn arúgbó sókè.

Obìnrin náà já ìró rẹ̀ gbà, ó jáde. Mo sáré tẹ̀ lé e.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ pé…”

“O mọ̀.”

Ó ń lọ.

Mo padà wọlé. Mo ní, “Bùrọ̀dá, ẹ dójú ti obìnrin yẹn, ẹ sì parọ́ nílé Ọlọ́run.” Ó ní, “Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi níṣẹ́ Olúwa?” Mo já báàjì ẹgbẹ́ kúrò láyà, mo jù ú sórí tábìlì. Nígbà tí mo délé, ìyá mi gbá mi létí. “O fẹ́ bà wá lórúkọ jẹ́ níwájú ìjọ!” Ẹ rí i? Èmi ni mo wá di ẹlẹ́ṣẹ̀.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo forí lé Ara. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ràfátù jáde, ó ní, “Ìyá mi ní àwọn ń sùn.” Bẹ́ẹ̀ mo ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ nínú yàrá. Mo lọ, mo bọ̀, mo lọ, mo bọ̀… Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, Ràfátù ní egbò náà ti tún là. Ha! Mo bẹ̀bẹ̀ títí, ìyá rẹ̀ ò gbà kí n wọlé. Ni mo bá jókòó sí àgbàlá, mo kọ́ Ràfátù bí wọ́n ṣe ń se aṣọ, bí wọ́n ṣe ń wẹ egbò tí kò fi ní ta èèyàn lára. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi kọ́ ọ. Ọwọ́ Ràfátù ló wò ó sàn. Ẹnikẹ́ni ò jẹ́rìí ìyẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tí ọmọkùnrin Ìyá Ràfátù dé láti Àbíjàn, tó ń fi èdè Faransé kí gbogbo ayé ní “bọ́ǹjúù,” ó ní òun ń mú ìyá òun lọ. Mo bá wọn ní gáréèjì Ẹ̀jìgbò. Mo kúnlẹ̀ sínú eruku lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ìyá Ràfátù wò mí títí. Ó ní, “Ọwọ́ rẹ dára. Ẹnu rẹ ni kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tó yẹ kó ṣiṣẹ́.” Ọkọ̀ ṣí. Mi ò rí i mọ́ títí ó fi kú sí Àbíjàn lọ́hùn-ún.

Bùrọ̀dá Ìṣọ̀lá di ẹni ńlá nínú ìjọ, wọ́n sì sin ín tọlá tọlá nígbà tó kú. Inú ṣì ń bí mi sí i. Inú ń bí mi sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ máa lọ síbi iṣẹ́ Olúwa, mi ò ní kẹ́ ẹ jókòó sílé. Àmọ́ bí ẹ bá rí i tí olórí yín ń ṣe ohun tí kò dáa, ẹ sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀, lójú gbogbo èrò. Ẹ̀rù ń bà yín? Ẹ̀rù ba èmi náà… Kí ẹ̀rù tèmi tó tán, ọkọ̀ ti ṣí.